Ohun Tí Àgbẹ̀ Lè Tún Gbìn: Ìtàn Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Ikaram-Àkókó àti Ọjọ́ Ọ̀la Àwọn Ìlú Olóko

Ìfáàrà

Ikaram jẹ́ ìlú àgbẹ̀ ní àríwá ilẹ̀ Àkókó, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí olú-ìlú rẹ̀ wà ní Òkèàgbè. Ní ọdún 2006, wọ́n yan òun àti Ibaram tó múlé tì í sí ètò kan tí wọ́n pè ní Millennium Villages. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti Earth Institute ti Yunifásítì Columbia ní ìlú New York ló ṣe agbátẹrù ètò náà. Ibùdó méjì ni ó ní ní Nàìjíríà: Ikaram ní ìhà gúúsù, Pampaida ní Ìpínlẹ̀ Kaduna ní ìhà àríwá. Ìpinnu rẹ̀ ni láti fi hàn pé ìgbèríko Áfíríkà lè bọ́ lọ́wọ́ òṣì láàárín ọdún díẹ̀. Ọdún 2015 ni ètò náà kásẹ̀ nílẹ̀ jákèjádò Áfíríkà.

Ó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí láti ọdún 2006, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà náà ni ohun tuntun kọ́kọ́ ti òde wá bá àgbẹ̀ Àkókó. Kòkó ti dé ṣáájú rẹ̀. Ìran ẹ̀gẹ́ tuntun àti ètò ìjọba pẹ̀lú owó Báńkì Àgbáyé sì ti dé. Iṣẹ́ yìí to àwọn ìpele wọ̀nyí tẹ̀ lé ara wọn láti fi èrò kan hàn: ohun tó ń wà lórí ilẹ̀ lẹ́yìn tí olùrànlọ́wọ́ bá ti padà sílé ni ohun tí àgbẹ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún gbìn, tí ó sì lè bù fún aládùúgbò rẹ̀.

Ìgbà Orí Òkè àti Ilẹ̀ Tó Ń Sinmi

Ilẹ̀ Àkókó jẹ́ ilẹ̀ àpáta. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun Nupe yọ àwọn ará ibẹ̀ lẹ́nu gidigidi, ọ̀pọ̀ ìlú sì sá gun orí òkè láti dáàbò bo ara wọn. Ibi tí ènìyàn ń gbé kọ́ ni ó ti ń dáko dáadáa nígbà náà. Inú ewu ni wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí oko. Lẹ́yìn tí Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà ní ọdún 1897, ìbẹ̀rù náà rọlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ìlú ń sọ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, àwọn mìíràn sì para pọ̀. Orúkọ Àjọwá, ìlú kan ní agbègbè yìí kan náà, fúnra rẹ̀ ń ròyìn irú ìparapọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí ń gbà lo ilẹ̀ ní ètò nínú. Iṣu ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbìn sí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán, nítorí pé iṣu fẹ́ ilẹ̀ ọlọ́ràá. Àgbàdo àti ẹ̀wà a máa tẹ̀ lé e tàbí kí wọ́n wà láàárín rẹ̀, ẹ̀gẹ́ sì ni ó máa ń kẹ́yìn nítorí pé ó lè so níbi tí ilẹ̀ ti ń rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọn a fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún igbó fún ọdún púpọ̀. Ewé tó ń jábọ́ ni ó ń di ajílẹ̀. Gbòǹgbò igi ń fa oúnjẹ ilẹ̀ wá sókè láti ìsàlẹ̀. Àáró àti ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń wá agbára iṣẹ́. Nínú gbogbo èyí, kò sí ohun kan tí ó nílò kí àlejò padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ kí iṣẹ́ tó lè tẹ̀ síwájú.

Bí ó ti wù kí ó rí, kò yẹ kí a sọ ìgbà àtijọ́ di ìgbà aláìlábùkù. Ètò ilẹ̀ tó ń sinmi dá lórí pé ilẹ̀ pọ̀ ju ènìyàn lọ. Bí ènìyàn ti ń pọ̀ sí i, tí ọdún ìsinmi ilẹ̀ sì ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ń ṣá.

Kòkó

Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Àkókó lọ ṣe iṣẹ́ alágbàṣe ní oko kòkó ní ilẹ̀ Oǹdó, Ìjẹ̀ṣà àti Ifẹ̀. Àwọn tó padà wálé kò mú owó nìkan bọ̀. Wọ́n mú ìmọ̀ àti èso kòkó bọ̀ pẹ̀lú. Podo kòkó kan ní èso bí ọgbọ̀n tàbí ogójì nínú, igi tí ó bá sì ti inú rẹ̀ hù lè so fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní ọdún 1986, ìjọba àpapọ̀ fòpin sí àjọ tí ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ìlànà títà yí padà, iye owó ń lọ sókè sódò, àmọ́ igi kòkó kò kúrò nílẹ̀. Nígbà tí iye owó kòkó lágbàáyé fò kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan ní ọdún 2024, àwọn tí bàbá wọn fi igi kòkó sílẹ̀ fún wà lára àwọn tó jẹ àǹfààní rẹ̀. Kòkó ní àbùkù tirẹ̀: ó gba ilẹ̀ tí à bá fi gbin oúnjẹ, ó sì so ọwọ́ àgbẹ̀ mọ́ ọjà tí kò ní àṣẹ lórí rẹ̀. Síbẹ̀, ó di ohun ìní nítorí pé àgbẹ̀ lè dá a gbìn.

Ẹ̀gẹ́, Kòkòrò àti Agbọ́n

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ Èkìtì-Àkókó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó Báńkì Àgbáyé. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni ibùjókòó rẹ̀. Ètò náà la ọ̀nà oko, ó pín ajílẹ̀ inú àpò, ó sì rán àwọn agbaninímọ̀ràn sí àwọn àgbẹ̀.

Ní àkókò yìí kan náà, ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, ń bá ìṣòro ńlá kan jà. Kòkòrò funfun wínníwínní kan tí ó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá ń fa omi ara ẹ̀gẹ́ mu káàkiri Áfíríkà. Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ wá ọ̀tá kòkòrò náà lọ sí ibi tí ó ti wá. Agbọ́n tíńtín kan ni wọ́n rí ní Paraguay, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1981. Agbọ́n náà ń yé ẹyin sínú kòkòrò yìí, ó sì ń pọ̀ sí i fúnra rẹ̀. Àgbẹ̀ kò ra oògùn, kò sì sí owó tó tún ń san lọ́dọọdún. Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize nítorí iṣẹ́ yìí ní ọdún 1995.

Ní IITA kan náà ni Sang Ki Hahn, ọmọ ilẹ̀ Kòríà, ti ṣe aṣáájú àwọn tó mú ìran ẹ̀gẹ́ tuntun jáde. Gbajúmọ̀ nínú wọn ni TMS 30572, tí ó lè kojú àrùn ewé ẹ̀gẹ́. Àwọn ará Ìkirè fi Hahn jẹ oyè Sẹ́ríkí Àgbẹ̀. Ohun tó mú kí ìran ẹ̀gẹ́ náà tàn kálẹ̀ ni pé igi rẹ̀ ni a ń gé gbìn. Ẹni tó bá ti ní in lọ́dún yìí lè gé e fún àna rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Àpò ajílẹ̀ kò lè bí àpò ajílẹ̀ mìíràn.

Ètò Ọdún 2006

Ètò Millennium Villages kì í ṣe ti oko nìkan. Ó kan ilé-ìwòsàn, ilé-ẹ̀kọ́, omi àti ọ̀nà. Ní ti oko, ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni kí àgbẹ̀ rí irúgbìn tó dára àti ajílẹ̀ gbà ní owó pọ́ọ́kú, kí ìkórè lè pọ̀ kíákíá, kí èrè rẹ̀ sì gbé ìyókù ró.

Ní ọdún 2010, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Michael Clemens àti Gabriel Demombynes, fi àwọn ibùdó ètò náà ní Kẹ́ńyà, Gánà àti Nàìjíríà wé àwọn agbègbè tí ètò náà kò dé. Wọ́n rí i pé àwọn ìyípadà kan tí wọ́n kà sí ti ètò náà ń ṣẹlẹ̀ níbi tí kò dé pẹ̀lú. Yorùbá ní ẹni tó kọ ọgọ́rùn-ún ebè tó ní igba lòun kọ, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Kò sí ẹni tí òwe yìí fi ẹ̀sùn kàn níhìn-ín. Ohun tó ń kọ́ni ni pé a gbọ́dọ̀ ka ebè kí a tó sọ iye rẹ̀.

Ìṣirò ìkẹyìn jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn The Lancet Global Health ní ọdún 2018. Nínú ohun 40 tí wọ́n wọ̀n, 30 dára ju ti àwọn ìlú tí ètò náà kò dé lọ, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìlera sì wà lára ibi tí àǹfààní ti hàn jù. Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́ta àfojúsùn ni ọwọ́ tẹ̀, wọn kò sì rí ìyàtọ̀ gúnmọ́ nínú iye tí ìdílé ń ná láti jẹ àti láti mu. Owó tí ètò náà fúnra rẹ̀ ń ná lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún sọ̀ kalẹ̀ láti 66 dọ́là ní ìdajì àkọ́kọ́ sí 25 ní ìdajì kejì. Ibùdó kan ni wọ́n gbé yẹ̀ wò ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Pampaida ni ti Nàìjíríà. Ikaram kò sí nínú rẹ̀.

Ohun Tí Ilẹ̀ Ń Bèèrè Lónìí

Ajílẹ̀ inú àpò kì í ṣe ọ̀tá. Ilẹ̀ tí a ń kórè lórí rẹ̀ lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ gba nǹkan padà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Rọ́ṣíà àti Ukraine ní oṣù kejì ọdún 2022, iye owó ajílẹ̀ fò sókè ní gbogbo àgbáyé. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ọdún 2023, owó ọkọ̀ láti oko dé ọjà Ìkàrẹ́ kò lè dúró sí ojú kan. Ẹ̀wù àgbàbọ̀ kì í yẹni. Bí kò fúnni lápá, a ṣo ni lára.

Ohun tó sún mọ́ ọwọ́ kò ṣàìsí. Ìgbẹ́ adìẹ àti ti ewúrẹ́ wà. Ẹ̀wà ń dá oúnjẹ padà sí ilẹ̀. Èèpo kòkó tí wọ́n ń kó jọ sínú oko lè di ajílẹ̀ bí a bá sun ún di eérú. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti fi gbin àgbàdo wò, ó sì mú kí ó gbèrú.

Ilẹ̀ tó ń sinmi pẹ̀lú ti ní ewu tirẹ̀, nítorí pé ojú ilẹ̀ tí kò lólúwa ni àwọn mìíràn fi ń wò ó. Aáwọ̀ láàárín àgbẹ̀ àti darandaran wà lára ohun tó mú kí Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe òfin tí ó ka dída ẹran jẹ káàkiri léèwọ̀ ní ọdún 2021. Àgbẹ̀ tí ẹ̀rù ń bà láti lọ sí oko ọ̀nà jíjìn yóò máa dá oko etílé nìkan, ilẹ̀ etílé náà yóò sì ṣá. Ní ìgbà ogun Nupe, ẹ̀rù ló ń pinnu ibi tí ènìyàn yóò ti dáko. Ó tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí.

Ìkádìí

Ìbéèrè tó kù ni ti ẹni tí yóò jogún oko. Ọmọ tí wọ́n ń fi oko ríro jẹ níyà ní ilé-ìwé kò lè ka oko sí ohun ìní. Olùkọ́ ní iṣẹ́ pàtàkì níbí. Ó lè jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó orúkọ àwọn ìran iṣu àti ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń gbìn ní ilé wọn jọ, kí wọ́n bèèrè ibi tí olúkúlùkù ti wá, ẹni tó mú un wọ ìlú, àti èyí tó ti parun. Ó lè fi oko ilé-ìwé ṣe ibi tí wọn yóò ti fi eérú èèpo kòkó gbin ebè kan, kí wọ́n gbin èkejì láìfi nǹkan sí i, kí wọ́n sì wọn ìkórè méjèèjì.

Ìṣirò ọdún 2018 kò ka ebè Ikaram. Àwọn tó mọ ebè náà ṣì wà láàyè, wọ́n sì lè sọ ohun tí ètò náà fi sílẹ̀ àti ohun tó bá a lọ. Bí a kò bá kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ nísinsìnyí, ètò mìíràn yóò wọ ìlú lọ́jọ́ kan, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò roko níbẹ̀ rí.