Oògùn, Omi àti Àdúrà: Ẹ̀kọ́ nípa Gbígbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run láti inú Ìtàn Ọdún 1918 sí 1943

Kò sí ìránṣẹ́ Ọlọ́run tó pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tí kò tíì gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn: "Pásítọ̀, bí mo bá lo oògùn yìí, ṣé kò ní já sí pé mi ò gba Ọlọ́run gbọ́?" Ẹni tó ń béèrè kò fẹ́ ìwàásù gígùn. Ó fẹ́ mọ ohun tí òun yóò ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìbéèrè yìí ní ìtàn, àwọn baba àti ìyá wa nínú ìgbàgbọ́ sì jìyà nítorí rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó wo ẹ̀yìn, láti 1918 títí dé 1943, kí a lè mọ ohun tí àwọn tó ṣáájú wa ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ní Ọlọ́run nìkan ni àwọn gbẹ́kẹ̀ lé, àti ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà di àríyànjiyàn láàárín àwọn ará.

Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1918

Ní oṣù September 1918, àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn baba wa pè ní lúkúlúkú gba ojú òkun wọ Èkó, ó sì tàn kálẹ̀ kíákíá dé àwọn ìlú òkè. Ẹni tó ṣe é ní àárọ̀ lè má rí alẹ́ ọjọ́ kejì. Ìjọba ti ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́ pa nítorí kí àwọn ènìyàn má baà kó àrùn ran ara wọn.

Nínú ìjọ Áńgílíkà ti St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé láti gbàdúrà. Joseph Shadare, alágbẹ̀dẹ wúrà, tó tún jẹ́ aṣojú ìjọ ní sínọ́ọ̀dù, ni olórí wọn. Ìtàn sọ pé olùtọ́jú ilé ìjọsìn, ẹni tí wọ́n ń pè ní Daddy Ali, lá àlá kan: ó rí ìjọ tó pín sí méjì, apá tó pọ̀ wà nínú òkùnkùn, apá kékeré tó ń gbàdúrà sì wà nínú ìmọ́lẹ̀. Láìpẹ́, Sophia Odunlami, ọ̀dọ́bìnrin olùkọ́, dara pọ̀ mọ́ wọn. Ó ti wà lórí àìsàn lúkúlúkú fúnra rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn pé kí àwọn ènìyàn lo omi òjò pẹ̀lú àdúrà, kí wọ́n sì fi oògùn sílẹ̀. Báyìí ni Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ní 1918, kò sí dókítà kankan ní ayé tó ní oògùn tó lè pa àrùn yìí. Ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó rí kòkòrò tó ń fà á lára ènìyàn. Aláàánú dókítà lè tẹ́ ènìyàn sùn, kó fún un lómi, kó mú ibà rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀. Kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oníṣègùn ìbílẹ̀ náà kò rí i ṣe. Nítorí náà, àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde kò kọ ìwòsàn kankan tó wà nílẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n wà níbi tí ọgbọ́n gbogbo ènìyàn ti parí, wọ́n sì yàn láti má sá fún ara wọn. Wọ́n pé jọ, wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n bẹ àwọn aláìsàn wò, wọ́n sì ké pe Ọlọ́run. Èyí ni gbòǹgbò ohun tí a jogún.

Bí ẹ̀rí ṣe di òfin

Nígbà tí àrùn náà kásẹ̀ nílẹ̀, ẹgbẹ́ náà kò tú ká. Àwọn tó rí àánú gbà di ìgbàgbọ́ wọn mú, wọn kò sì fẹ́ padà sí oògùn mọ́, ì báà jẹ́ ti òyìnbó tàbí ti ìbílẹ̀. Wọ́n tún kọ ìrìbọmi àwọn ọmọ ọwọ́. Àwọn aláṣẹ ìjọ Áńgílíkà kò gbà fún wọn, ní 1922, wọ́n sì fi ìjọ náà sílẹ̀. Shadare pàdánù ipò rẹ̀ ní sínọ́ọ̀dù, Odunlami pàdánù iṣẹ́ olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí a rántí èyí dáadáa, nítorí ó máa wúlò níwájú: àwọn ènìyàn yìí fi iṣẹ́ àti ọlá wọn san gbèsè ohun tí wọ́n gbà gbọ́.

Láàárín àkókò náà, David Odubanjo ní Èkó rí ìwé ìròyìn ìjọ Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Ìjọ yẹn kọ́ni pé àdúrà nìkan ni Kristẹni yóò fi gba ìwòsàn. Ẹ̀kọ́ náà bá ohun tí àwọn ará ti ń ṣe mu, wọ́n sì gba orúkọ ìjọ náà. Lẹ́tà àti ìwé ìròyìn ló so wọ́n pọ̀. Míṣọ́nnárì kankan kò ti Philadelphia wá. Ní Ìbàdàn, Isaac Akínyẹlé, ẹni tó wá di Olúbàdàn ní 1955, wà lára àwọn olórí. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀rí àwọn tó la àjàkálẹ̀ àrùn já ti wá di ẹ̀kọ́ tí a kọ sínú ìwé, tí a fi ń mọ ọmọ ìjọ yàtọ̀.

Òkè-Oòyè, 1930

Ní October 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Odò-Ọwá, ń wa katakata tó ń tẹ ọ̀nà ní ojú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nítòsí Ìkeji-Àràkeji, nígbà tí ìpè Ọlọ́run dé bá a. Ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Ní July 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè, Iléṣà. Àwọn ènìyàn rọ́ wá láti ìlú jíjìn réré. Wọ́n kó òrìṣà wá sun, wọ́n gbé ìkòkò àti akèrègbè omi wá kí a gbàdúrà sí i, ọ̀pọ̀ sì jẹ́rìí pé àwọn rí ìwòsàn.

Ẹni tó bá ka ìtàn náà gẹ́gẹ́ bí ìtàn omi, yóò ṣì í kà. Babalọlá jẹ́ ènìyàn àdúrà kó tó di ẹni tí ogunlọ́gọ̀ ń wá. Ààwẹ̀ rẹ̀ àti òru tó fi ń gbàdúrà ló ṣíwájú omi. Àwọn ará abúlé pàápàá mọ èyí: ọ̀pọ̀ nínú wọn padà lọ sílé láti máa fi aago àárọ̀ àti ti alẹ́ pé jọ fún àdúrà, kódà nígbà tí Babalọlá ti lọ sí ìlú mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kuníìnì

Lẹ́yìn ìsọjí náà, inúnibíni dìde, àwọn ará sì wá àwọn tí yóò dúró tì wọ́n. Ní 1931, àwọn olórí Ìjọ Àpọ́sítélì láti Bìrìtìkó bẹ̀ wọ́n wò, míṣọ́nnárì méjì, George Perfect àti Idris Vaughan, sì wá gbé láàárín wọn ní 1932. Ìfẹ́ wà. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ àwọn ará rí i pé àwọn míṣọ́nnárì ń lo kuníìnì kí ibà má baà mú wọn.

Ẹ wo bó ṣe rí lójú ẹni tó ti pàdánù iṣẹ́ nítorí kò fẹ́ lo oògùn. Olùkọ́ tó ń wàásù ìwòsàn láti ọ̀run wá ń gbé oògùn mì lẹ́yìn ìwàásù. Ìbínú àwọn baba wa kì í ṣe ti aláìmọ̀kan. Wọ́n ń béèrè bóyá ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ayé wọn lélẹ̀ fún jẹ́ òtítọ́.

Ẹ tún wò ó láti ìhà kejì. Ọmọ tí a bí sí ilẹ̀ yìí, ẹ̀fọn ti ń jẹ ẹ́ láti kékeré. Bó bá là á já, ara rẹ̀ a ti kọ́ bí a ṣe ń bá ibà jà. Ara àlejò kò mọ̀ ọ́n. Ìtàn ìhìnrere ní ilẹ̀ wa jẹ́rìí sí i. Ní 1841, ọkọ̀ ojú omi gòkè odò Ọya, Àjàyí Crowther sì wà nínú rẹ̀. Ibà pa ọ̀pọ̀ òyìnbó tó wà níbẹ̀. Ní 1854, ọkọ̀ mìíràn gòkè, Crowther tún bá wọn lọ, Dókítà Baikie sì ń fún àwọn òyìnbó ní kuníìnì lójoojúmọ́. Ẹnikẹ́ni kò kú nínú wọn. Ohun tó kojú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Òfin kan náà tí Yorùbá tó dàgbà lè pa mọ́, kó sì wà láàyè, lè jẹ́ ikú fún ará Wales.

Ní 1939 sí 1940, wọ́n pínyà. Kuníìnì nìkan kọ́ ló fà á. Ọ̀rọ̀ àṣẹ àti ìṣàkóso náà wà níbẹ̀. Babalọlá, Akínyẹlé àti Odubanjo wà lára àwọn tó dá dúró, ìjọ wọn sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1943 gẹ́gẹ́ bí Christ Apostolic Church. Àwọn mìíràn dúró ti Ìjọ Àpọ́sítélì. Ọlọ́run kò fi ìhà kankan sílẹ̀: ìjọ méjèèjì dàgbà, ìjọ méjèèjì ń gbàdúrà fún aláìsàn títí di òní.

Ohun tí ìtàn yìí fi lé wa lọ́wọ́

Ẹ̀kọ́ kìíní: ẹ̀jẹ́ yàtọ̀ sí òfin. Ohun tí Ọlọ́run sọ fún Odunlami lórí ibùsùn rẹ̀, òun ló gbọ́ ọ, òun ló sì jìyà rẹ̀. Bí ènìyàn bá gbọ́ irú rẹ̀, kó ṣe é pẹ̀lú ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí a bá gbé ẹ̀jẹ́ ẹnìkan lé orí ará ẹlòmíràn, pàápàá lórí ọmọ kékeré tí kò lè sọ tẹnu rẹ̀. Ibà ṣì ń pa ọmọdé púpọ̀ ní ilẹ̀ wa. Pásítọ̀ tó bá sọ fún ìyá kó da oògùn ọmọ rẹ̀ nù ti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn dá ìgbàgbọ́ ara rẹ̀ lábàá.

Ẹ̀kọ́ kejì: Ìwé Mímọ́ kò fi oògùn dán ìgbàgbọ́ wò. Nínú Aísáyà orí 38, Hesekáyà gbàdúrà, Ọlọ́run gbọ́, wòlíì kan náà sì ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú oówo rẹ̀. Nínú 2 Kíróníkà orí 16, ẹ̀bi Ásà ni pé ó gbàgbé Olúwa, ó sá tọ àwọn oníṣègùn lọ láìké pe Ọlọ́run rárá. Pọ́ọ̀lù, ẹni tí Ọlọ́run lò láti wo ọ̀pọ̀ sàn, fi Trófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn. Ìbéèrè tí Bíbélì ń bi wá ni ẹni tí ọkàn wa fara tì. Ènìyàn lè kọ oògùn kí ìgbéraga sì kún inú rẹ̀. Ènìyàn lè gbé e mì pẹ̀lú ọpẹ́ àti omijé níwájú Olúwa.

Ẹ̀kọ́ kẹta ló yẹ kó ká wa lára jù. Ó rọrùn láti jogún àríyànjiyàn àwọn baba ju ààwẹ̀ wọn lọ. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ń lo oògùn láìjiyàn, a sì ti fi àdúrà sí ẹ̀yìn, bí ohun tí a ó rántí bí dókítà bá sọ pé kò sí ohun tó kù. Àwọn ti 1918 kò dúró de ìgbà yẹn. Bí a bá wà ní ilé ìwòsàn, kí a gbàdúrà kí dókítà tó dé, nígbà tó wà níbẹ̀, àti lẹ́yìn tó bá lọ.

Bí ìwòsàn kò bá sì dé ńkọ́? Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta inú Dáníẹ́lì orí 3 mọ̀ pé Ọlọ́run lè gbà wọ́n, wọ́n sì ti pinnu pé àwọn kò ní tẹríba fún òrìṣà bí kò bá tilẹ̀ gbà wọ́n. Babalọlá fúnra rẹ̀ sùn nínú Olúwa ní Ẹdẹ ní 1959, ní ẹni ọdún 55. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wí fún opó pé ìgbàgbọ́ kékeré ló pa ọkọ rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí aláìsàn bá bi yín ní ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀, ẹ dá a lóhùn pé kó lo oògùn rẹ̀, kó sì fi ọkàn rẹ̀ lé Olúwa lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ má ṣe tètè dìde. Ẹ kúnlẹ̀ tì í, ẹ pe àwọn alàgbà, ẹ fi òróró yàn án ní orúkọ Olúwa bí Jákọ́bù ti kọ́ wa, ẹ sì padà wá lọ́la.