Nígbà Tí Àṣẹ Àtijọ́ Kò Jẹ́ Kí MySQL Ṣiṣẹ́

MySQL ni orúkọ ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì, ìbáà ṣe orúkọ oníbàárà, iye owó ọjà tàbí èsì ìdánwò. Ilẹ̀ Sweden ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1995, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Oracle ní Amẹ́ríkà ni ó sì wà láti ọdún 2010. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, yóò kọ́kọ́ ka fáìlì tí àwọn àṣẹ ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí ó bá rí àṣẹ tí kò mọ̀ níbẹ̀, kò ní fojú fò ó. Ńṣe ni yóò kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ query cache ti di wàhálà. Ibi ìpamọ́ ìdáhùn ni, tí wọ́n fi kún ẹ̀dà 4.0, kí ẹni tí ó bá béèrè ohun tí ẹlòmíràn ti béèrè rí lè tètè gba èsì. Ó wúlò nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì ń fi ọpọlọ kan ṣoṣo ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọpọlọ di mẹ́jọ, tí ó di mẹ́rìndínlógún, ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà wọlé síbẹ̀, wọ́n sì ń tò bí ọkọ̀ nílé epo. Bí a bá sì fọwọ́ kan ìlà kan péré nínú tábìlì, gbogbo ìdáhùn tí wọ́n ti inú rẹ̀ pa mọ́ di ohun ìdànù. Ní ọdún 2017, àwọn tí ó ni ín kéde pé àwọn yóò yọ ọ́, ẹ̀dà 8.0 tí ó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2018 kò ní in mọ́. (MariaDB, tí ó ya kúrò lára MySQL ní ọdún 2009, kò bá wọn yọ ọ́.)

Ubuntu 18.04 ń pín MySQL 5.7, fáìlì tí ó bá a wá sì ní ìlà query_cache_size = 16M nínú. Ubuntu 20.04 gbé 8.0 dé. Bí onílé kò bá fọwọ́ kan fáìlì náà rí, tuntun yóò rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá ti yí ìlà kan padà, bóyá bind-address lásán, dpkg tí ń gbé ètò wọlé yóò bi í pé ṣé kí òun fi ti àtijọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá tẹ Enter ti gbà bẹ́ẹ̀ nìyẹn. MySQL tuntun yóò ka ìlà àtijọ́, yóò ní òun kò mọ̀ ọ́n, yóò sì dákẹ́. Lójú tèmi, kò tọ́ kí a dá onítọ̀hún lẹ́bi, nítorí kì í ṣe òun ni ó kọ ìlà náà.

Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kò gbọdọ̀ fi ìbẹ̀rù pa ètò náà rẹ́, nítorí ìlà yìí kò ba àkọsílẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Kí ó wo /var/log/mysql/error.log, yóò rí orúkọ àṣẹ tí MySQL kọ̀. Kí ó fi àmì # síwájú gbogbo ìlà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú query_cache. Láti ẹ̀dà 8.0.16, mysqld --validate-config máa ń yẹ fáìlì náà wò láìtíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ń lo fáìlì kan fún ẹ̀dà méjì lè kọ ọ́ ní loose_query_cache_size: MySQL tuntun yóò kìlọ̀, ṣùgbọ́n kò ní dúró.