Àwọn Tó Lọ Ṣiṣẹ́ Lókè Ọya, àti Okùn Tí Ilé Fi Dì Wọ́n Mú

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn èèyàn wa tí wọ́n fi ilé sílẹ̀ lọ wá iṣẹ́ lókè Ọya láyé àtijọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń sọ ni pé ìfẹ́ ilé ló mú kí wọ́n máa rántí ilé. Wọn á ní ọmọ Yorùbá kì í gbàgbé orísun, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Èmi ò jiyàn pé ìfẹ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe ṣe é yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ìfẹ́ lọ. Ilé ni ààbò wọn. Ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nílé mọ́, ọjọ́ tí nǹkan bá dàrú ní ìlú onílùú, níbo ni yóò forí lé? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi owó, lẹ́tà, ẹnu àti ọmọ bíbí inú wọn pàápàá fa okùn náà kí ó má baà já. Àwọn tó wà nílé náà sì ń fà á láti ọ̀dọ̀ tiwọn. Àwọn wọ̀nyí gan-an la kì í sábà dárúkọ.

Ọgbọ́n yìí ti wà kí rélùwéè tó dé. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, tí Ìbàdàn dojú ìjà kọ àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì kan ti ń gbé Èkó. Nínú wọn ni a ti rí àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, tí wọ́n gba Sàró tàbí Brazil padà wá. Wọ́n kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀ l'Ékòó, wọ́n ń dá owó, wọ́n sì ń fi ìbọn ìgbàlódé àti ọta ránṣẹ́ sójú ogun. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ológun tó tú ká pátápátá. Ẹ ò rí i pé kí ẹnikẹ́ni tó pe ìpàdé ọmọ ìbílẹ̀ ní Jos tàbí Kano, àwọn ará Èkó ti fi hàn pé ẹni tó wà lájò lè gbèjà ilé láì kúrò níbi tó wà.

Rélùwéè ló wá sọ ìrìn àjò di ti gbogbo èèyàn. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Wọ́n ṣí ti Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó kan Ọ̀fà àti Ìlọrin ní 1908, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Lápá ọ̀hún, wọ́n ń la òmíràn bọ̀ láti Bárò lórí odò Ọya, ìyẹn sì dé Kano ní 1911. Nígbà tó fi di 1912, èèyàn lè wọkọ̀ l'Ékòó kó sọ̀ kalẹ̀ ní Kano, ọ̀nà tó lé ní 700 máìlì. Afárá Jẹ́bà ò tíì parí nígbà náà o. 1916 ni wọ́n tó ṣí i. Kó tó dìgbà yẹn, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé rélùwéè sọdá odò. Ẹ fojú inú wo rélùwéè tó wọ ọkọ̀ ojú omi!

Iṣẹ́ pọ̀ lójú irin náà. Wọ́n ń wá kílàákì, wọ́n ń wá ọ̀gá téṣọ̀n, káfíńtà, fítà, àti ẹni tí yóò máa ko èédú sínú iná. Àwọn tó ti kàwé díẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ mísọ́nnì nílẹ̀ wa ni wọ́n sì ń kó lọ. Bí ìwé tíráńsífà bá dé, ẹni tó wà ní Ebute Metta lónìí lè di ará Zungeru lóṣù tó ń bọ̀, kó tún di ará Kafanchan lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Lẹ́yìn àwọn oníṣẹ́ ìjọba ni àwọn oníṣòwò tẹ̀ lé, àti àwọn tó lọ sí ibi ìwakùsà táńganran ní Jos àti Bukuru. Ní àwọn ìlú Hausa, ìjọba ya àdúgbò kan sọ́tọ̀ fún wọn lẹ́yìn odi, tí wọ́n ń pè ní Sábóngàrì, ìyẹn ìlú tuntun. Àwọn Yorùbá, Igbo àti ẹ̀yà míràn ló kún ibẹ̀.

Ohun kan wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Bí a bá ń ka àwọn ìlú wa tí ọmọ wọn rin ìrìn àjò jù lọ, a ò lè ṣe kí a má dárúkọ Ọgbọ́mọ̀ṣọ́ àti Iléṣà. Bẹ́ẹ̀ ojú irin ò gba Ọgbọ́mọ̀ṣọ́, kò sì gba Iléṣà. Òṣogbo ló ti yà sí Ọ̀fà. Àwọn ará ìlú méjèèjì ní láti kọ́kọ́ rìn lọ bá rélùwéè níbi tó wà. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò Ọgbọ́mọ̀ṣọ́ ti ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà Òkè Ọya tipẹ́, kí òyìnbó tó ronú irin. Ẹni tó ti mọ ọ̀nà fẹ́sẹ̀, rélùwéè kàn bá a dín wàhálà kù ni.

Àwọn Ìjẹ̀ṣà ní tiwọn di òṣómàáló. Aṣọ ni wọ́n ń tà, àwìn sì ni. Wọn á gbé aṣọ wọ abúlé, wọn á pín in fún èèyàn, wọn á dá ọjọ́ owó. Bí ọjọ́ bá pé tí onígbèsè bá ń yíjú, òṣómàáló á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á ní òṣó lòun máa ló títí òun ó fi gbowó òun. Ibẹ̀ lorúkọ náà ti wá. Èèyàn lè fi wọ́n ṣẹlẹ́yà, àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ta ló ń fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ní kọ́bọ̀ láṣọ tí yóò gbé lọ tà? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí ará àdúgbò rẹ̀ tó ti wà nínú òwò náà ni. Kò sí báńkì, kò sí ìwé àdéhùn. Ohun ìdúró tó fi sílẹ̀ ni pé wọ́n mọ bàbá rẹ̀ nílé. Bó bá kó owó jẹ, bàbá yẹn lójú máa tì láàárín ìlú. Okùn ilé tí à ń sọ náà nìyẹn, ó ti di owó ìdókòwò.

Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n mú ẹni tí gbogbo wa mọ̀. Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, tó padà di Olórí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, Ọgbọ́mọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí i ní 1910. Oníṣòwò ni bàbá rẹ̀, ó sì kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Minna nígbà tí ọmọ náà kéré. Ibẹ̀ ni Akíntọ́lá ti kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ní 1922, wọ́n fi í ránṣẹ́ padà sí Ọgbọ́mọ̀ṣọ́, ó ń gbé lọ́dọ̀ bàbá àgbà, ó sì ń lọ sílé ìwé Onítẹ̀bọmi níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ rí ló mọ bí Yorùbá ṣe dá lẹ́nu rẹ̀ tó. Èmi gbà pé ọdún tó lò lọ́dọ̀ bàbá àgbà yẹn wà nídìí ẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún un kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ọ̀pọ̀ òbí tó wà lókè Ọya ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: bí ọmọ bá ti ń fi Hausa ṣeré jù, wọn á dì í lẹ́rù, wọn á fà á lé ẹni tí ń relé lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ ìyá àgbà. Ọmọ tó dé ilé lọ́mọ ọdún méje, tí kò mọ ẹnikẹ́ni, tí wọ́n ń pè ní Gàmbàrí nílé ìwé, òun ni okùn náà ń gé lọ́wọ́. Ìyá àgbà tí agbára ti ń tán lára rẹ̀ náà sì tún di ìyá ọmọ wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ti lẹ́tà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà á rántí. Níwájú póòsì ọ́fíìsì ni akọ̀wé lẹ́tà ń jókòó sí, òun àti táípúráítà rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ kì í yàtọ̀: inú mi dùn láti kọ ìwé yìí sí yín, mo sì nírètí pé yóò bá yín láàlàáfíà. Nílé, ọmọ iléèwé ni wọ́n á pè kó wá kà á. Kí ó tó parí ojú ìwé kìíní, ìyàwó ilé, aládùúgbò àti ẹni tó wá ra ẹ̀kọ ti pagbo. Nítorí ìdí èyí, ọ̀rọ̀ àṣírí kì í wọ inú lẹ́tà. Ẹnu èèyàn ni wọ́n fi ń rán ọ̀rọ̀ gidi, ìyẹn ẹnu dẹ́rẹ́bà lọ́rì, tàbí ti ará ìlú tó gba ìsinmi. Àwọn kan náà ló ń gbé owó tí wọ́n dì sínú aṣọ, tó ń gbé àlùbọ́sà àti ẹ̀wà wá sílé, tó sì ń gbé èlùbọ́, gàrí àti irú padà. Bí dẹ́rẹ́bà bá sọ fún ẹ pé màmá rẹ ò ṣe dáadáa, o ò ní dúró de lẹ́tà.

Ìpàdé ọmọ ìbílẹ̀ ló wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kò sí ìlú ńlá kan lókè Ọya tí àwọn ọmọ Ọgbọ́mọ̀ṣọ́, Ọ̀fà tàbí Ìjẹ̀ṣà bá pọ̀ sí tí wọn ò ní ṣèpàdé. Owó oṣù wà, owó ìtanràn wà fún apẹ́lẹ́yìn, ẹ̀ka náà sì ń jíhìn fún ilé. Wọ́n ń parí ìjà tọkọtaya, wọ́n ń bá ẹni tó dé tuntun wá yàrá, bí ẹnì kan bá kú, àwọn ló ń ṣètò bí òkú á ṣe délé tàbí bí wọn á ṣe sin ín. Irú owó bẹ́ẹ̀, oṣù dé oṣù, ló ń di iṣẹ́ ńlá nílé. Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe ló dá Ilésà Grammar School sílẹ̀ ní 1934, ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ Ọ̀fà sì dá Offa Grammar School sílẹ̀ ní 1943. Kí ìjọba tó rántí àwọn ìlú wọ̀nyẹn, ọmọ wọn tó wà nílé àti lájò ti tu ọwọ́ sápò.

Àmọ́ ilé kíkọ́ lèèyàn máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ sí jù. Wọ́n ní ará Jos á máa gbé yàrá kan, á lọ kọ́ oníyàrá mẹ́jọ sílé fún ewúrẹ́. Òótọ́ ni pé ewúrẹ́ gbé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Òótọ́ tún ni pé àbúrò tí wọ́n ní kó bójú tó iṣẹ́ náà lè sọ owó páànù di owó ìyàwó. (Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í tán nípàdé.) Ṣùgbọ́n ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Láti àwọn ìlú kan náà ni àwọn míràn ti kọjá ààlà lọ sí Gold Coast, tó padà di Ghana, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n sì lò: ìpàdé, lẹ́tà, ilé. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó kúrò. Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Àwọn tó ti lo ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, kó ohun tí wọ́n lè kó sórí lọ́rì. Àwọn tó délé Ọgbọ́mọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò àti Ṣakí tí wọ́n rí yàrá wọ̀, ilé tí wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀ yẹn ni. Ẹni tí kò kọ́lé, agbo ilé bàbá rẹ̀ ló gbà á. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìyẹn, ní 1966, nígbà tí wọ́n ń pa àwọn Igbo lókè Ọya, ilé náà ni àwọn tó yè sá lọ, àwọn ẹbí wọn ló sì gbà wọ́n.

Láti 2001 tí fóònù alágbèéká ti dé, akọ̀wé lẹ́tà ti kógbá sílé, owó ò sì wọ inú aṣọ dẹ́rẹ́bà mọ́. Èèyàn á rò pé okùn náà ti di ọ̀rọ̀ ìtàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Jos gan-an gbóná ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 lórí ọ̀rọ̀ ta ni onílé, ta ni àlejò, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì lọ sí i. Ìwé òfin 1999 ní kí Ààrẹ yan mínísítà kan, ó kéré tán, láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó sì jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ ìbílẹ̀ yìí ń tẹ̀ lé wa wọ ilé ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ìjọba. Wọn á ní kí o mú ìwé ẹ̀rí ìjọba ìbílẹ̀ rẹ wá.

Nítorí náà, ọmọ tí wọ́n bí ní Jos, tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ ní Jos, tí Hausa rẹ̀ dá ju Yorùbá rẹ̀ lọ, ṣì ń wọ mọ́tò wá sí Ọgbọ́mọ̀ṣọ́ láti wá gba ìwé tí yóò sọ pé ará ibí ni. Ìjọba ìbílẹ̀ á ní kó lọ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n wá láti agbo ilé wọn. Mọ́gàjí á bi í léèrè orúkọ bàbá bàbá rẹ̀. Bí ìyá àgbàlagbà kan bá wà níbẹ̀ tó rántí pé bàbá yẹn ló ra páànù ilé ẹ̀yìn, tàbí pé ọmọ rẹ̀ kan gbé ọ̀dọ̀ òun lọ́dún mẹ́ta, ó parí, wọn á bá a dé ọ́fíìsì. Bí kò bá sẹ́ni tó rántí, ọmọ náà á bọ́ síta, á fóònù Jos, á gbé fóònù náà fún mọ́gàjí, kí bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn tó ti kú.