Gúrúdì: Ìtàn Bísíkíìtì Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ní Etíkun Ilẹ̀ Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọ ipasẹ̀ gúrúdì, ìpápánu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ń fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́, àgbọn àti ṣúgà yan ní etíkun ilẹ̀ Yorùbá. Ó ṣàlàyé bí àwọn èròjà rẹ̀ ṣe dé, bí a ṣe ń ṣe é, àti ìdí tí ó fi ń gbẹ háúháú láìní ìyẹ̀fun àlìkámà nínú. Ó sì fi í wé ìgbìyànjú ìjọba Nàìjíríà láti dín àlìkámà kù láti ọdún 1987 wá. Kókó iṣẹ́ yìí ni pé búrẹ́dì ni àwọn ètò náà tẹjú mọ́ jù lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni bísíkíìtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ohun tí ẹ̀gẹ́ lè dá ṣe láìgba ìrànlọ́wọ́.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Ọ̀rọ̀ yìí bá ìtàn bísíkíìtì mu ní Nàìjíríà. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ohun tí ilé iṣẹ́ ńlá fi ìyẹ̀fun àlìkámà ṣe, tí wọ́n sì dì sínú bébà aláràbarà, ni bísíkíìtì. Èyí tí ìyá àgbà yan nílé, tí ó dì sínú ọ̀rá lásán, ìpápánu ni wọ́n ń pe tirẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin orúkọ méjèèjì ti mú kí ó dà bí ẹni pé àjèjì pátápátá ni bísíkíìtì, pé ńṣe ni Yorùbá kàn ń rà á jẹ. Àyẹ̀wò gúrúdì fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó ń sọ oúnjẹ di bísíkíìtì

Láti inú èdè Látìn ni orúkọ bísíkíìtì ti ṣẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tí a sè lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn atukọ̀ ojú òkun ilẹ̀ Yúróòpù a máa gbé e lọ sí ìrìn àjò olóṣù púpọ̀. Ìyẹ̀fun, omi àti iyọ̀ díẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á yan án, wọ́n á sì tún gbẹ ẹ́ títí omi inú rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nítorí pé ohun tí kò bá lómi nínú kì í tètè bu. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Huntley & Palmers bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Reading ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1822, nígbà tí ó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó bísíkíìtì wọn sínú agolo. Láti ibẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ ti kàn kárí ayé.

Láti inú àlàyé yìí, ó hàn gbangba pé gbígbẹ ni ìpìlẹ̀ bísíkíìtì. Àlìkámà kàn jẹ́ ohun tí àwọn ará Yúróòpù ní lọ́wọ́ ni. Bí ẹlòmíràn bá fi ohun tí ó wà lọ́wọ́ tirẹ̀ ṣe ohun tí ó fẹ́lẹ́, tí ó gbẹ, tí ó sì ń ró kàù lẹ́nu, bísíkíìtì ni òun náà ṣe.

Ìrìn àjò ẹ̀gẹ́ àti àgbọn

Kò sí ọ̀kan nínú èròjà gúrúdì tí ó jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ ti wá. Àwọn Potogí ni wọ́n gbé e wá sí etíkun Áfíríkà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ní ọ̀rúndún kan náà ni wọ́n gbé àgbọn láti ẹkùn Òkun Íńdíà wá sí erékùṣù Cape Verde, tí ó sì tàn dé ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà àti Bùràsíìlì. Ìrèké tí a fi ń ṣe ṣúgà, láti Éṣíà ni ó ti wá.

Ẹ̀gẹ́ kò tètè gba ipò iṣu àti àgbàdo lọ́wọ́ wọn. Májèlé wà nínú irú rẹ̀ tí ó korò, ẹni tí kò bá sì mọ bí a ti í rin ín, bí a ti í fún un, àti bí a ti í yan án, kò gbọdọ̀ fi ṣeré. Ìmọ̀ yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí i ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn Àgùdà ń padà bọ̀ láti Bùràsíìlì. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní ìlú Salvador ní Bahia ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, ìlú náà le mọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó ti gba òmìnira. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wọkọ̀ padà sí Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ àti Wídà. Ìpadàbọ̀ yìí ń bá a lọ títí tí Bùràsíìlì fi fòpin sí oko ẹrú ní ọdún 1888, ó sì rékọjá ìgbà náà.

Ní Bahia tí wọ́n ti wá, ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ni oúnjẹ òòjọ́. Níbẹ̀ pẹ̀lú ni a ti ń jẹ beiju, àkàrà pẹlẹbẹ tí a fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ṣe. Láti èdè Tupi ti àwọn onílẹ̀ ni a ti mú orúkọ yìí, àwọn ará Bahia a sì máa fi àgbọn sí i. Àgbọn kò ṣàjèjì nínú ìsebẹ̀ Àgùdà ní Èkó náà: omi àgbọn àti ẹ̀wà ni wọ́n fi ń se fúrèjọ̀nù tí wọ́n ń jẹ ní ọjọ́ Jímọ̀ Rere. Nítorí náà, etíkun méjèèjì mọ ẹ̀gẹ́ àti àgbọn gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ inú ìkòkò kan náà.

Ọgbọ́n inú yíyan gúrúdì

Àwọn obìnrin ni wọ́n ni iṣẹ́ yìí. Wọn a bó ẹ̀gẹ́, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a sì rin ín lórí páànù tí a fi ìṣó dá lu. Wọn a po ó mọ́ omi púpọ̀, wọn a fi aṣọ sẹ́ ẹ. Nígbà tí omi náà bá tòrò, sítáàṣì a silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bí ògì. Wọn a da omi orí rẹ̀ nù, májèlé inú ẹ̀gẹ́ a sì bá omi lọ. Irú ìmọ̀ báyìí kò mọ sí ìdí ààrò nìkan: àwọn aláró Abẹ́òkúta ń fi ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ ya ọnà sára àdìrẹ ẹlẹ́kọ.

Lẹ́yìn èyí ni wọn a po sítáàṣì tútù náà mọ́ àgbọn tí a rin, ṣúgà àti iyọ̀ díẹ̀. Sítáàṣì ni ó gbọ́dọ̀ pọ̀ jù, nítorí bí àgbọn bá pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, òróró rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó di mọ́ra. Wọn a tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sínú páànù, wọn a sì yan án lórí iná tí kò le. Nínú ilé tí kò ní ààrò búrẹ́dì, ìkòkò irin tí a da iyanrìn sí nísàlẹ̀ tó láti ṣe iṣẹ́ náà.

Ìdí tí ó fi ń gbẹ kò ṣòro láti lóye. Nígbà tí ooru bá tó bíi ìwọ̀n 65 sí 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, sítáàṣì ẹ̀gẹ́ a mu omi, a wú, a sì di mọ́ra. Bí iná ti ń bá a lọ, omi náà a jáde. Bí ó bá nípọn, omi inú rẹ̀ kì í rí ọ̀nà jáde, a sì máa fà lẹ́nu. Bí ó bá fẹ́lẹ́, gbogbo rẹ̀ a gbẹ pọ̀. Fífẹ́lẹ́ rẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n tí ó wà nídìí rẹ̀, kì í ṣe àìtó èròjà.

Àlìkámà àti ètò ìjọba

Ní ọdún 1987, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fòfin de kíkó àlìkámà wọ Nàìjíríà. Búrẹ́dì di ọ̀wọ́n, àlìkámà fàyàwọ́ ń wọlé, wọ́n sì gbé òfin náà kúrò ní ọdún 1992. Ní ọdún 2005, ní àkókò Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ìjọba ní kí àwọn ọlọ́lọ ìyẹ̀fun máa fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ sí ti àlìkámà. Láàrin ọdún 2011 sí 2012, ìjọba Goodluck Jonathan tún polongo búrẹ́dì tí ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ inú rẹ̀ tó ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí èyí tí ó fẹsẹ̀ rinlẹ̀ nínú wọn. Nàìjíríà ni ó ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ ní àgbáyé, síbẹ̀ òkè òkun ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àlìkámà tí ó ń lò ti ń wá.

Búrẹ́dì ni ó gba iwájú nínú gbogbo àríyànjiyàn yìí, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ ti le fún ẹ̀gẹ́. Èròjà kan wà nínú àlìkámà tí ń fà bí rọ́bà nígbà tí omi bá kàn án. Òun ni ó ń di afẹ́fẹ́ mú kí búrẹ́dì lè wú. Ẹ̀gẹ́ kò ní i. Bí ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ bá ti ń pọ̀ sí i ni búrẹ́dì ń kì sí i. Bísíkíìtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò nílò wíwú. Ohun tí ó jẹ́ àléébù ẹ̀gẹ́ nínú búrẹ́dì kì í ṣe àléébù nínú gúrúdì.

Èyí kò túmọ̀ sí pé gúrúdì kò ní ìṣòro tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ etíkun lómi nínú, gúrúdì tí a bá sì fi sílẹ̀ gbayawu a tètè rọ̀. Níbi ìdìpọ̀ ni bísíkíìtì ilé iṣẹ́ ńlá ti borí rẹ̀, kì í ṣe níbi adùn. Agolo tí ó dé pinpin tàbí ọ̀rá tí a fi iná lẹ̀ ni oògùn rẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Ìtàn gúrúdì fi hàn pé àwọn obìnrin etíkun gba àjèjì mẹ́ta lálejò, wọ́n sì sọ wọ́n di ọmọ ilé. Orí ọwọ́ wíwọ̀n àti ojú wíwò ni ìmọ̀ wọn dúró lé. Bí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ti ń lọ, ìwọ̀n náà ń bá wọn lọ. Ó yẹ kí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ètò ẹ̀kọ́ lọ bá àwọn àgbà wọ̀nyí ní Èkó, Àgbádárìgì àti Ìjẹ̀bú etí omi, kí wọ́n wọn sítáàṣì, kí wọ́n wọn àgbọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá. Ètò ìjọba tí ó bá tún fẹ́ fi ẹ̀gẹ́ dín àlìkámà kù yóò nílò àkọsílẹ̀ náà. Ibi tí ẹ̀gẹ́ ti lágbára ni ó yẹ kí irú ètò bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.