Òkúta Aro ní Ẹnu Ọ̀sà Èkó

Ní ọdún 1900, ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ńlá láti Liverpool wá sí Èkó kì í fi ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí Èkó. Ọkọ̀ a dúró lójú òkun, lẹ́yìn ibi tí ìgbì ti ń fọ́. A ó kó èrò sínú àga onígi tí a fi okùn so, a ó gbé e sókè, a ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré tí ń jó lórí omi nísàlẹ̀. Bí òkun bá rọ̀, aṣọ gbígbẹ ni èrò fi ń dé ilẹ̀. Ti ẹrù le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a ń gbé kọjá Èkó lọ sí Forcados ní ìhà ìlà-oòrùn, kí àwọn ọkọ̀ kékeré tó tún kó o padà wá. Owó ọkọ̀ méjì ni oníṣòwò ń san lórí ẹrù kan ṣoṣo.

Ohun tí ó fa ìyọnu yìí ni òkìtì iyanrìn tí ó dùbúlẹ̀ lábẹ́ omi ní ẹnu ọ̀sà. Láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ni ìgbì ń ti iyanrìn lọ ní etí òkun wa, lọ́dọọdún, láìsinmi. Nígbà tí iyanrìn yìí bá pàdé omi ọ̀sà tí ń tú jáde, yóò dúró, yóò sì di òkìtì. Omi tí ó wà lórí òkìtì náà kì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ, òkìtì tìkára rẹ̀ a sì máa ṣí kiri, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀nà tí awakọ̀ mọ̀ lánàá lè má sí níbẹ̀ mọ́ lónìí.

Ní ọdún 1892, ilé-iṣẹ́ àwọn ẹnjiníà kan ní London, Coode, Son and Matthews, fi ìmọ̀ràn wọn fún ìjọba: kí a kọ́ ògiri òkúta méjì láti etí ilẹ̀ wọ inú òkun, ọ̀kan ní apá ìlà-oòrùn, ọ̀kan ní apá ìwọ̀-oòrùn, kí omi ọ̀sà lè máa sáré láàárín wọn, kí agbára rẹ̀ sì máa gbá iyanrìn lọ. Ìmọ̀ràn náà dára. Ṣùgbọ́n ọdún 15 kọjá kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Owó ṣòro, òótọ́ ni. Ohun mìíràn sì tún wà tí ènìyàn lè gbójú fò. Èkó kò ní òkúta. Iyanrìn àti ẹrẹ̀ ni ilẹ̀ rẹ̀.

Níbo ni òkúta yóò ti wá? Abẹ́òkúta ni. Nítorí náà ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ ọ̀nà rélùwéè kí a tó padà sí ti òkun. Ní ọdún 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ irin láti Èkó. Ó dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní ọdún 1898, a sì ṣí i títí dé Ìbàdàn ní oṣù kẹta ọdún 1901. Kì í ṣe agbaṣẹ́ṣe kan ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn ẹnjiníà Shelford ní London ni olùdámọ̀ràn, ìjọba tìkára rẹ̀ ni ó gba òṣìṣẹ́, ọwọ́ àwọn ènìyàn wa ni ó sì gbẹ́ ilẹ̀. Ní ọdún 1901 kan náà ni afárá tí a fi orúkọ Gómìnà Carter pè so erékùṣù Èkó mọ́ Ìddó, níbi tí ọkọ̀ irin ti ń gbéra.

Ní Aro, lẹ́bàá odò Ògùn, nǹkan bí máìlì 60 sí Èkó, ni a ti ń fọ́ òkúta. Àwọn Ẹ̀gbá ṣì ń ṣe ìjọba ara wọn nígbà náà. Wọn kò pàdánù rẹ̀ títí di ọdún 1914. Abẹ́ àpáta Olúmọ ni àwọn baba wọn sá sí nígbà ogun, ní nǹkan bí ọdún 1830. Èmi a máa rò ó pé ó jẹ́ ohun ìyanu pé irú àpáta kan náà, tí a fọ́ sí wẹ́wẹ́, ni ó lọ dúró nínú òkun láti tọ́jú Èkó.

Kí olùkà má ṣe rò pé ó dájú tẹ́lẹ̀ pé Èkó ni yóò borí. Ní ìgbà tí Sir Walter Egerton ń ṣe gómìnà, àwọn kan ní ìhà Àríwá fẹ́ kí ẹrù Kano máa gba ojú irin dé Baro ní etí odò Ọya, kí ó sì máa bá omi lọ sí òkun láìfi ojú kan Èkó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ irin Baro ní ọdún 1907, ó sì dé Kano ní ọdún 1911. Irin Èkó náà kò dúró: Òṣogbo ní 1907, Ìlọrin ní 1908, Jẹ́bà ní 1909. Bí ẹnu ọ̀sà bá wà ní dídí bẹ́ẹ̀, kí ni Èkó yóò fi irin gígùn bẹ́ẹ̀ ṣe? Ẹrù yóò dé etí omi, yóò sì tún máa wá ọ̀nà Forcados.

Egerton mọ èyí. Ní ọdún 1907, ọkọ̀ kan tí ń wa iyanrìn láti ìsàlẹ̀ omi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ẹnu ọ̀sà. Orúkọ gómìnà náà ni a fi sọ ọ́. Ní 1908 a bẹ̀rẹ̀ ògiri ìlà-oòrùn, ti ìwọ̀-oòrùn sì tẹ̀lé e. Ọkọ̀ irin ń kó òkúta wá, a ń dà á sínú òkun, òkun ń mì í, a sì tún ń dà á. Nígbà tí ó di ọdún 1914, àwọn ọkọ̀ ńlá ti ń wọ inú ọ̀sà. Ní 1926 a parí ibùdókọ̀ Àpápá, níbi tí ọkọ̀ òkun mẹ́rin lè dúró lẹ́ẹ̀kan, tí ọkọ̀ irin sì ń bá wọn níbẹ̀. Forcados rẹ̀yìn. Baro di ìlú kékeré tí a ń rántí.

Iyanrìn ńkọ́? Ògiri ìwọ̀-oòrùn dá a dúró, ilẹ̀ sì ń pọ̀ sí i lẹ́yìn rẹ̀. Èso iṣẹ́ yìí ni Tarkwa Bay, níbi tí omi ti rọ̀ tí àwọn ará Èkó ń lọ ṣe fàájì. Ṣùgbọ́n ní apá kejì, iyanrìn tí ìbá wá rọ́pò èyí tí ìgbì ń kó lọ kò wá mọ́. Òkun bẹ̀rẹ̀ sí jẹ etíkun Victoria, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bar Beach. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, ó jẹ ilẹ̀ tí ó tó kìlómítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́yìn. A tú iyanrìn sí i ní 1974 àti 1975. A tún tú u ní 1981, àti ní 1985. Ìgbì kó o lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, òkun ya wọ Kuramo lẹ́bàá ibẹ̀, ó sì gbé àwọn ènìyàn lọ.

Ilé-iṣẹ́ South Energyx ni ó ń kọ́ odi òkúta àti kọnkéré tuntun sí iwájú Bar Beach, tí a pète pé yóò gùn ní kìlómítà 8.5, láti fi ṣe ààbò fún ìlú tuntun Eko Atlantic. Ibi tí odi náà dé wà láìléwu. Ṣùgbọ́n ní Okun Alfa, abúlé kan ní apá ìlà-oòrùn, òkun ti gba ilé àti ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀. Wọ́n ní odi náà ni ó fi kún un. Àwọn tí ó ń kọ́ ọ kò gbà. Èmi kì í ṣe onídàájọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ìtàn ọdún 1908 kò ní ka ẹ̀sùn náà sí ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, a ṣí èbúté mìíràn ní Lekki, èyí tí ilé-iṣẹ́ China Harbour kọ́. Ó jìn ju ti Àpápá lọ, ògiri òkúta sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú tí ó wọ inú òkun. Láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn náà ni iyanrìn ń rìn níbẹ̀, àwọn abúlé apẹja sì wà ní etíkun yẹn.