Àwọn Apẹja Barking àti Òkun Òru

 

Ọ̀rọ̀ ìtàn ni a fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé e wá kì í ṣe ti àtijọ́. Ní ìgbà òtútù tí ó kọjá, fóònù dún ní agogo méjì òru ní ilé ọ̀kan nínú àwa nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́. Ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn ará wa ni ó ń pè. Ọkọ rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ méjì ti wọ ọkọ̀ kékeré kan lọ pẹja ní etíkun Essex láti ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní àwọn yóò ti padà dé kí agogo mẹ́wàá tó lù, ṣùgbọ́n kò gbúròó wọn. A ní kí ó pe 999, kí ó sì béèrè fún Coastguard. Ó ní, “Ẹ̀yin ìyá wa, kí ni kí n sọ fún wọn?” Kò mọ ibi tí wọ́n ti gbéra. Kò mọ àwọ̀ ọkọ̀ náà. Nínú àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì, ìnagijẹ ẹnì kan ṣoṣo ni ó mọ̀.

Ẹ́ńjìnnì ni ó kú fún wọn lójú omi. Ọkọ̀ mìíràn ni ó fà wọ́n dé èbúté nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́. Wọ́n dé láàyè, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wa. Ó mú wa rántí pé ìlú tí a ń gbé yìí gan-an jẹ́ ìlú apẹja ní ayé àtijọ́, àti pé ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó ti jókòó níhìn-ín rí tí wọ́n ń retí ọkọ àti ọmọ tí kò padà wá.

Ẹni tí ó bá ti rìn lẹ́bàá odò Roding ní Barking yóò ti rí ibi tí wọ́n ń pè ní Hewetts Quay. Òpópónà kan tún wà ní Barking kan náà tí ó ń jẹ́ Short Blue Place. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ọjà tàbí ṣọ́ọ̀ṣì láìbéèrè ìtumọ̀ àwọn orúkọ wọ̀nyí. Hewett ni orúkọ ìdílé tí ó ni ilé iṣẹ́ ẹja tí ó tóbi jù ní ìlú yìí. Scrymgeour Hewett, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ Samuel Hewett, tí a bí ní 1797 tí ó sì kú ní 1871, ni ó sọ ọ́ di ńlá. Àsíá búlúù onígun mẹ́rin ni àwọn ọkọ̀ wọn ń ta, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní Short Blue Fleet.

Ní nǹkan bíi 1850, ọkọ̀ apẹja bíi 220 ni ó ń ti Barking jáde, àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin bíi 1,370 ni ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Ọkọ̀ onígbòkun ni wọ́n, tí afẹ́fẹ́ ń tì, kò sí ẹ́ńjìnnì. Wọn a gba odò Roding bọ́ sí Thames, wọn a sì gba ibẹ̀ dé Òkun Àríwá. Òmíràn nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ inú ọkọ̀ jẹ́ ọmọ tí kò ní alágbàtọ́, tí wọ́n mú láti ilé àwọn aláìní wá kọ́ṣẹ́.

Ọgbọ́n kan tí Samuel Hewett lò ni yìnyín. Ní ìgbà òtútù, wọn a jẹ́ kí omi bo pápá tí ó wà yí Barking ká. Bí omi náà bá dì, àwọn ará ìlú a fọ́ ọ, wọn a kó o lọ sí ilé olódi nípọn níbi tí kò ti ní tètè yọ́. Yìnyín yìí ni àwọn ọkọ̀ ń gbé lọ sójú òkun kí ẹja má baà bàjẹ́. Ohun rere ni, owó wọlé. Ṣùgbọ́n ó mú ewu tirẹ̀ dání. Níwọ̀n ìgbà tí ẹja kò ní tètè bàjẹ́ mọ́, àwọn apẹja lè jìnnà sílé ju ti àtẹ̀yìnwá, wọ́n sì lè lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lójú omi.

Òru ni iṣẹ́ náà le jù. Ẹja pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní sole, tí ó ń mówó wá gan-an, máa ń sá sínú iyanrìn lọ́sàn-án, ó di òru kí ó tó jáde jẹun. Nítorí náà òru ni wọ́n ń fa àwọ̀n. Ẹ wo ọkọ̀ púpọ̀ tí ó ń fa àwọ̀n nínú òkùnkùn lórí omi kan náà, tí afẹ́fẹ́ ń gbé wọn, tí kò sí ohun tí ẹnì kan fi lè rí ẹnì kejì àfi àtùpà. Bí kò bá sí ètò, wọn a pa ara wọn. Nítorí náà wọ́n yan ọ̀gá kan lórí gbogbo ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní Admiral. Àsíá ni ó fi ń pàṣẹ lọ́sàn-án. Lóru, iná ni, tàbí ìbọn iná tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run. Bí ó bá ní kí a ju àwọ̀n, gbogbo wọn a ju àwọ̀n. Bí ó bá ní kí a yí ọkọ̀ padà, gbogbo wọn a yí i padà. Bí ìkùukùu bá sì bo ojú òkun, wọn a máa fun fèrè, wọn a máa lu agogo, kí ẹnì kejì lè mọ ibi tí wọ́n wà.

Síbẹ̀, ewu tí ó burú jù kò sí nínú ọkọ̀ ńlá, inú ọkọ̀ kékeré ni ó wà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n ní láti kó ẹja tí wọ́n pa lóru fún ọkọ̀ kan tí ó yára, tí yóò gbé e lọ sí ọjà Billingsgate. Ọkùnrin méjì tàbí mẹ́ta a wọ ọkọ̀ àfọwọ́wà, wọn a di àpótí ẹja kún inú rẹ̀, wọn a sì wà á láàárín ìgbì lọ bá ọkọ̀ ọlọ́jà náà. Wọn kò sùn mọ́jú, ẹrù ọkọ̀ ti pọ̀ jù, bàtà ńlá wà lẹ́sẹ̀ wọn, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ìgbì kan ṣoṣo tó láti dojú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dé. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ni ó kú báyìí.

Ọdún tí Barking kò gbàgbé ni 1863. Ní oṣù December ọdún náà, ìjì ńlá bá àwọn ọkọ̀ ìlú yìí lẹ́bàá etíkun Hóláǹdì. Nǹkan bíi 60 ẹ̀mí ni ó lọ sí i. Ìlú kékeré ni Barking nígbà náà, kò lè sí òpópónà tí ẹkún kò dé. Ohun tí ó dunni jù ni pé ìkìlọ̀ ìjì ti wà nílẹ̀ nígbà náà. Láti 1861 ni ọ̀gágun ojú omi kan, Robert FitzRoy, ti ń tẹ wáyà sí àwọn èbúté bí ìjì bá ń bọ̀, tí wọ́n a sì gbé àmì kọ́ sókè: ohun dúdú lọ́sàn-án, àtùpà lóru. Ṣùgbọ́n àmì èbúté kò lè ran ẹni tí ó ti wà lọ́nà jíjìn lójú òkun lọ́wọ́.

Nǹkan mìíràn tún ti wà nílẹ̀ tí wọn kò lò. Ní 1854, Captain Ward ti àjọ agbẹ̀mílà ojú omi tí a mọ̀ lónìí sí RNLI ti ṣe ẹ̀wù ìléfòó tí wọ́n fi igi kọ́ọ̀kì rán, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní life jacket. Ní February 1861, ní ìlú Whitby, ọkọ̀ agbẹ̀mílà kan dojú dé pẹ̀lú àwọn 13 tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn 12 kú. Henry Freeman nìkan ni ó yè, òun nìkan náà ni ó sì wọ ẹ̀wù tuntun yẹn. Apẹja gbogbo etíkun gbọ́ ìtàn yìí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ni kò wọ̀ ọ́. Wọ́n ní ó ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn arákùnrin wa lónìí.

Lẹ́yìn 1863, Barking kò tún gbérí mọ́ nídìí iṣẹ́ ẹja. Rélùwéè ti dé Great Yarmouth láti 1844, ẹja ibẹ̀ a sì yára dé Lọ́ńdọ̀nù ju èyí tí ọkọ̀ ń gbé yí ká gba Thames. Hewett kó àwọn ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Gorleston, lẹ́bàá Yarmouth.

Òtútù ni ọ̀tá tí ó kù. Láti fi bá a jà, àwọn apẹja ń mu ọtí líle. Àwọn ọkọ̀ kan máa ń wá bá wọn lójú òkun láti ta jíìnì àti tábà fún wọn, òmíràn nínú wọn a sì mu títí yóò fi ré sómi. Ní 1881, Ebenezer Mather lọ wo àwọn ọkọ̀ Short Blue lójú òkun. Ohun tí ó rí ni ó mú kí ó dá ẹgbẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run fún àwọn apẹja sílẹ̀. Wọ́n gbé ọkọ̀ tiwọn lọ sáàárín wọn pẹ̀lú tábà olówó pọ́ọ́kú, ìwé àti oògùn, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ìdí láti lọ bá olótìí. Dókítà Wilfred Grenfell, tí ó kọ́ṣẹ́ ní London Hospital ní Whitechapel, bá wọn ṣiṣẹ́ kí ó tó kọjá sí Labrador ní 1892. Ní 1887, àwọn ìjọba tí ó yí Òkun Àríwá ká fọwọ́ sí ìwé ní The Hague láti fòpin sí ọtí títà fún apẹja lójú omi. Gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì, a lè sọ fún yín pé òótọ́ ni wọ́n rí: ọtí a mú ara dà bí ẹni pé ó gbóná, ṣùgbọ́n ńṣe ni ó ń tú ooru inú ara dànù.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, “Àwa náà mọ omi. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí,” tàbí “Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí.” A kò jiyàn. Àwọn baba wa ní Ayétòrò, ní Ìgbòkòdá àti ní Àgbádárìgì mọ iṣẹ́ òkun dáadáa. Ṣùgbọ́n omi ilé kọ́ ni omi ìhín. Omi òkun Èkó máa ń gbóná tó ìwọ̀n bíi 27 Celsius. Ti Essex ní oṣù February kì í ju bíi 6 tàbí 7 lọ. Bí ènìyàn bá já sínú omi tí kò tó 15, èémí a gé e lójijì, a máa mí gúlegúle, bí ẹnu rẹ̀ bá sì wà lábẹ́ omi nígbà náà, omi ni yóò fà sínú. Bí ó bá la ìṣẹ́jú yẹn já, láàárín bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kú tipiri. Òmùwẹ̀ ni í bómi lọ, bí àwọn àgbà ti wí.

Nítorí náà, ohun tí ìtàn Barking kọ́ wa ni a fẹ́ kí ẹ dì mú. Kì í ṣe ìgboyà ni ó ń mú apẹja òru padà wálé, ètò ni. Kí ẹ tó gbéra, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí ó wà nílé: ibi tí ẹ ti ń gbéra, ibi tí ẹ ń lọ, irú ọkọ̀ àti àwọ̀ rẹ̀, orúkọ gbogbo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, àti aago tí kí ó pe 999 fún Coastguard bí kò bá gbọ́ yín. Ẹ gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́. Orúkọ àgbègbè tiwa lórí BBC ni Thames. Ẹ wọ ẹ̀wù ìléfòó láti èbúté, ẹ má fi í ṣe ìrọ̀rí. Ẹ so okùn tí ń pa ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ẹni tí ó ń wa ọkọ̀. Ẹ tan iná ọkọ̀ yín. Ẹ mú rédíò ojú omi dání, ìkànnì 16 ni ti ìpè pàjáwìrì, nítorí pé fóònù lè má gbé lójú òkun. Ẹ fi ọtí sílé.

Bí ẹnikẹ́ni bá já sómi, kí ó má kọ́kọ́ jìjàkadì. Kí ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, kí etí rẹ̀ wà nínú omi kí imú rẹ̀ sì wà lókè, kí ó na apá, títí èémí rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Bí ẹ bá fà á jáde, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ẹ bọ́ aṣọ tútù kúrò lára rẹ̀, ẹ wé e, ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má sì fún un ní ọtí.

Arábìnrin tí ó pè wá lóru ọjọ́ náà ti lẹ ìwé kan mọ́ ara fíríìjì rẹ̀ báyìí. Ọkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé ìwọ̀ jáde láìkọ gbogbo rẹ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sì mú àwọn ọmọ lọ sí Hewetts Quay lọ́jọ́ ìsinmi kan, kí ẹ sọ fún wọn nípa àwọn ọmọ ìlú yìí tí òkun gbé lọ ní 1863. Olúwa kò ní jẹ́ kí a fi omi ṣòfò. Àṣẹ.