Coronadite: Òkúta tó Ń Jẹ́ Orúkọ Balógun

Ní ọdún 1540, Francisco Vásquez de Coronado kó àwọn ọmọ ogun Sípéènì àti ọ̀pọ̀ ọmọ onílẹ̀ Mẹ́síkò lẹ́yìn, ó forí lé àríwá. Ìlú méje tí wọ́n ní wúrà kún inú wọn ló ń wá kiri. Abúlé àwọn Zuni ló bá. Ó rìn títí dé ilẹ̀ tí à ń pè ní Kansas lónìí, kó tó padà lọ́wọ́ òfo ní 1542.

Ní 1904, Waldemar Lindgren, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta, pẹ̀lú William Hillebrand, onímọ̀ kẹ́míkà, ṣàpèjúwe òkúta dúdú kan láti ibi ìwakùsà bàbà Clifton-Morenci ní Arizona. Inú iṣan àpáta tí wọ́n ń pè ní Coronado ló ti wá, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní coronadite. Òjé, máńgáníìsì àti ọ́síjìn ló para pọ̀ di òkúta yìí.

Gbé e lọ́wọ́, wàá mọ̀ pé òjé wà níbẹ̀: ó wúwo ju ìlọ́po 5 omi lọ. Ojú rẹ̀ rí kókó-kókó, inú rẹ̀ rí fọ́nrán-fọ́nrán, ọ̀bẹ irin sì lè ha á. Ṣùgbọ́n òkúta máńgáníìsì dúdú pọ̀ lọ jàra, wọ́n sì jọra débi pé ojú lásán kì í sábà dá wọn mọ̀. Psilomelane ni wọ́n ń pe ọ̀pọ̀ nínú wọn, láìbìkítà ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

X-ray ló tú àṣírí. Ní 1942, àwọn onímọ̀ nípa òkúta, Frondel àti Heinrich, fi hàn pé ọmọ ìyá ni coronadite àti hollandite, òkúta tí wọ́n ti sọ lórúkọ ní Íńdíà ní 1906. Átọ́ọ̀mù máńgáníìsì àti ọ́síjìn tò yíká bí ògiri, wọ́n fi ihò gígùn tóóró sílẹ̀ láàárín. Òjé ló ń gbé ihò ti coronadite. Báríọ́mù ló ń gbé ti hollandite. Irú ihò yìí ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ted Ringwood gbára lé ní Ọsirélíà ní 1978, nígbà tó dábàá àpáta àtọwọ́dá tí yóò há ìdọ̀tí iná nukilia mọ́.

Ní 2013, àwọn onímọ̀ tún ìdílé òkúta náà tò, wọ́n sì fi orúkọ coronadite pe gbogbo ẹ̀ka tó jẹ́ ti máńgáníìsì. Ó dùn mí díẹ̀. Coronado kò fojú kan òkúta yìí rí. Àwọn awakùsà Morenci, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Mẹ́síkò, tí wọ́n yanṣẹ́ lódì ní 1903 nítorí owó iṣẹ́ wọn, ni orúkọ náà tọ́ sí.